Mo Ń Bá Bóní Dáhùn

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá 2025

Aago méje òwúrọ̀. Mọ́nítọ̀ ti pe rẹ́jísítà lórí gúrúùpù.

Margaret ni mò ń pè ní Mọ́nítọ̀. Òun ni mọ́nítọ̀ kíláàsì wa nílé-ìwé ní ìlú Ìpele títí a fi jáde ní '94. Ó ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìjọba l'Ọ́wọ̀ níbí báyìí, kò tíì gbé ipò yẹn sílẹ̀. Òun ló dá àṣà yìí sílẹ̀ lórí WhatsApp: láràárọ̀, á kọ nọ́ńbà àti orúkọ wa bó ṣe wà nínú rẹ́jísítà àtijọ́, kálukú á dáhùn "Presẹ́ǹtì, sà." Sà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ló ń pè wá. Ẹni tí kò bá dáhùn títí di ọ̀sán, Mọ́nítọ̀ á pe fóònù rẹ̀. Bí kò bá gbé e, wọ́n á rán ẹni tó sún mọ́ ọn jù lọ wo ilé rẹ̀. Báyẹn la ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ Aishat lọ́dún tó kọjá, tí ilé ìwòsàn sì kún fún wa.

Nọ́ńbà kẹsàn-án, Boniface — presẹ́ǹtì, sà.
Nọ́ńbà kẹrìnlá, Oyèníyì — presẹ́ǹtì, sà.

Èmi ni mo dáhùn méjèèjì.

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé yìí nìkan ló mọ̀, àti Ìyá Praise, ìyàwó mi, tó ní òun ò fẹ́ gbọ́.

Lóṣù kẹfà ni Bóní ṣubú nínú oko rẹ̀ ní Ijagba. Rọpárọsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún àti ahọ́n ló mú lọ. Ọmọ́lẹ́yẹ ìyàwó rẹ̀ ló gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Ó ní ọkọ òun ní kí n máa bá òun dáhùn, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, títí ahọ́n òun á fi tú. Mo gbà á. Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Òórùn kòkó tútù lójú ọ̀nà láàárọ̀ yìí. Ẹnìkan ń kó o kọjá lórí ọ̀kadà láti Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n pè.

Nígbà fífọ́ kòkó ni Bóní kì í wá sí ilé-ìwé. Baba rẹ̀ ti kú, ará Àkókó tó wá ṣiṣẹ́ síbí ni wọ́n, ìyá rẹ̀ nìkan ló wà nínú oko olóko. Bí Ọ̀gá Olúyọmí bá ti ń pe rẹ́jísítà, tí ó fi òwú so gíláàsì mọ́ etí, kì í gbé orí sókè. Èmi, ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, màá tẹ imú mi pọ̀ kí ohùn lè dí: "Presẹ́ǹtì, sà." Bó bá kan orúkọ tèmi, màá tú imú sílẹ̀. Sáà méjì gbáko. Nínú rẹ́jísítà, Bóní ò pa ọjọ́ kan jẹ. Bó bá ti oko dé, á mú kòkó tó pọ́n kan wá fún mi, a ó jọ máa lá oje hóró rẹ̀ lábẹ́ igi gúáfà, ọwọ́ wa á máa yọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ — gúrúùpù gbóná. Salahudeen tó wà ní Ìlọrin ló dá a sílẹ̀: ta ló pa adìẹ ọ̀gá àgíríìkì wa ní '92? Mọ́nítọ̀ ní òun ṣì ní orúkọ nínú ìwé. Aishat ní òun rí ìyẹ́ lẹ́nu Salahudeen. Mo gbé fóònù Bóní. Mo kọ ọ́ pé: "Adìẹ yẹn fúnra rẹ̀ ló wọ ìkòkò. Ó ní òjò ń bọ̀, òun ò sì ní agbòjò." Ẹ̀rín kún ojú fóònù. Ènìyàn méjìdínlógún. Salahudeen ní ahọ́n Boniface ò ní gbẹ láé.

Mo gbé fóònù tèmi. Mo kọ "Ẹ kú ìrántí o." Ẹyọ àmì àtàńpàkò kan ló wọlé. Mọ́nítọ̀ ni, ó ń ṣe é fún gbogbo ènìyàn.

Kí ló dé tí mo fi gbọ́n nínú fóònù olófóònù?

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Ẹ̀rọ Ìyá Fẹ̀sọ̀jayé — bẹ́líìtì ló já, kì í ṣe mọ́tò. Mò ń dá rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń tún un ṣe. Ìyá Praise ní ẹ̀rín yẹn kì í ṣe tèmi, pé ti Boniface ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Mo ti ṣe nǹkan kan.

Mọ́nítọ̀ kọ ọ́ sórí gúrúùpù pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ń ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Ijagba lọ́jọ́ kejìdínlógún, pé òun á yà kí Boniface. Ó yẹ kí n dákẹ́. Ó yẹ kí n ní Bóní ń rìnrìn àjò. Àmọ́ àwọn yòókù ti ń da ẹnu bo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ahun ni Boniface, omi lásán ló máa bù fún un. Kí n tó mọ̀, ìka mi ti kọ ọ́ lórí ìlà rẹ̀: "Ẹ máa bọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni màá fi gún iyán fún yín. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹun wá, ẹjọ́ rẹ̀ ni."

Wọ́n pariwo. Salahudeen ní òun á ti Ìlọrin wá. Aishat á gbé ẹran ìgbẹ́. Wọ́n ti di méje.

Ọwọ́ rẹ̀ yìí. Ọwọ́ wo?

Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Mo rántí pé ti Salahudeen tún wà ńbẹ̀. Lóṣù kẹjọ, ó kọ̀wé sí Bóní níkọ̀kọ̀, kì í ṣe sórí gúrúùpù. Ọ̀rọ̀ ìyàwó òun tó kú ni. Pé òun ṣì ń pọn korobá omi méjì láàárọ̀, tòun àti tirẹ̀. Pé òun ò lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Mo kà á. Mo dá a lóhùn, mo sọ ohun tí mo rò pé Bóní á sọ. Ó ní kí Ọlọ́run bùkún mi — kí Ọlọ́run bùkún Bóní.

Lọ́la màá lọ sí Ijagba.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Mo ti dé. Ẹsẹ̀ mi ṣì kún fún eruku.

Mo bá Bóní lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní, ó di igi kan mú lọ́wọ́ òsì, ó ń lé ewúrẹ́. Ó ti rù. Ojú rẹ̀ tàn nígbà tó rí mi — ìlàjì ojú. Mo jókòó sílẹ̀, mo yọ fóònù rẹ̀, mo ní kí n ka ohun tí a ti ń sọ fún un. Mo rò pé á dùn mọ́ ọn. Mo ka ti adìẹ, ó rẹ́rìn-ín, itọ́ sì dà, Ọmọ́lẹ́yẹ fi etí ìró nù ún fún un. Inú mi dùn bí ọmọ tó gba ọgọ́rùn-ún. Mo ń kà lọ, mi ò mọ ìgbà tí mo dé ibi iyán.

Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó sùn sórí itan. Ó wò ó pẹ́.

"Oyè," ó ní, ọ̀rọ̀ ń jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "Ta ni wọ́n… ń bá ṣeré?"

Mo ní òun ni. Ó mi orí.

"Kì í ṣe… èmi."

Ó kọjú sí títì.

Ọmọ́lẹ́yẹ sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi síbẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Bàbá Praise, ẹ má bínú o. Ọ̀sẹ̀ kan péré lọkọ mi ní lọ́kàn nígbà tó ní kí ẹ bá òun dáhùn. Ẹ ò bi wá mọ́, àwa náà ò sì mọ bí a ṣe máa ní kí ẹ dáwọ́ dúró. Yàtọ̀ sí fáda wa àti ẹ̀yin, kò sẹ́ni tó wá kí i láti oṣù kẹfà. Ojú ọ̀nà ló máa ń wò báyìí."

Èmi náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo wá. Mo ń bá a dáhùn láràárọ̀, mo rò pé mo ń rí i.

Bí mi ò bá dáhùn láàárọ̀ ọjọ́ kìíní yẹn, ọ̀sán ò ní tíì pọ́n kí Mọ́nítọ̀ tó pè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti kún àgbàlá rẹ̀. Èmi ni mo tì wọ́n mọ́ ìta. Nínú oko kòkó ọjọ́un, ẹ̀tàn mi gba ìyá rẹ̀ là. Ẹ̀tàn kan náà ni mo tún gbé wá. Mi ò béèrè bóyá nǹkan ti yí padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá

Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Láàárọ̀, mo tún dáhùn méjèèjì. Ó ti mọ́ ọwọ́ mi lára.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Mo ti sọ ọ́.

Lórí ìlà tèmi. Mo kọ ọ́ pé ara Boniface kò yá láti oṣù kẹfà, kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún gbé nǹkan, ọ̀rọ̀ sì nira fún un. Pé ẹni tó ń bá yín ṣeré lórí ìlà rẹ̀, èmi Oyèníyì ni. Pé òun ló bẹ̀ mí níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ èmi ni mi ò fẹ́ kó parí, nítorí pé ẹ ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi. Mo ní kí ẹ lọ kí i. Kí ẹ má retí iyán.

Àmì búlúù méjì. Wọ́n ti kà á. Gúrúùpù tí kì í sinmi — ó dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù jáde.

Lẹ́yìn wákàtí kan, Salahudeen, sí èmi nìkan: "Ìwọ lo ka ti ìyàwó mi?"

Mo ní èmi ni. Mo ní kó jọ̀ọ́.

Kò dáhùn.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Mo fi fóònù Bóní rán awakọ̀ tó ń lọ sí Ijagba, pé kó fi lé Ọmọ́lẹ́yẹ lọ́wọ́. Àpò mi fúyẹ́. Mo ṣì ń tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Mọ́nítọ̀ pè mí. Kò pè mí ní Oyè. Ó ní, "Oyèníyì, nílé-ìwé, mo mọ̀. Èmi ni mo ń gbé rẹ́jísítà yẹn lọ sí ọ́fíìsì, ṣé o rò pé mi ò gbọ́ ẹni tó ń tẹ imú? Mo dákẹ́ torí pé mo mọ ibi tí Boniface wà. Èyí, mi ò mọ̀. O jẹ́ kí n máa sàmì sí ẹni tó ń ṣàìsàn pé ó wà." Mo ní kó má bínú, Mọ́nítọ̀. Ó ní òun ò tíì mọ ohun tí òun máa ṣe sí i. Ó pa fóònù.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó mọ̀, kò sì sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá

Nọ́ńbà kẹrìnlá. Ojú ò jẹ́ kí n dáhùn. Ọ̀sán pọ́n. Kò sẹ́ni tó pè mí.

Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti lọ. Mi ò lọ. Mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń tú ẹ̀rọ tí kò ní àìsàn kankan.

Fọ́tò ń wọlé. Mọ́nítọ̀ mú ọmọ odó, ó so ìró mọ́ àyà. Aishat àti Ọmọ́lẹ́yẹ ń yí iyán. Bóní wà láàárín, ó fi ọwọ́ òsì di etí odó mú kó má baà yẹ̀. Salahudeen jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú fọ́tò tó tẹ̀lé e, Salahudeen ń sọ̀rọ̀ sí i létí, Bóní sì pa ojú dé, ó ń gbọ́.

Ó ti wá sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín.

Mo fi fọ́tò yẹn han Ìyá Praise. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ó yẹ kí o wà níbẹ̀," ó sì bu omi sínú kọ́ọ̀pù fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò gbọ́ ìwàásù. Igi gúáfà ni mò ń rí.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Kẹwàá

Aago méje. Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gíríìsì ti dé ọrùn ọwọ́ mi. Mo gbé fóònù tì mọ́ ìdí ẹ̀rọ kí n lè máa wò ó lásán.

Nọ́ńbà kẹsàn-án, Boniface. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan. Gbogbo gúrúùpù dúró dè é, mo mọ̀ ọ́n. Fọ́ìsì kan wọlé. Mo fi orí ìka kékeré tẹ̀ ẹ́. Ohùn Bóní, ó ń fà á bí ẹni fa okùn kànga: "Pre… sẹ́ǹtì… sà." Àtẹ́wọ́ kún ojú fóònù.

Wọ́n ń pè lọ. Kẹwàá. Kọkànlá. Aishat. Salahudeen.

Nọ́ńbà kẹrìnlá, Oyèníyì.

Mo wo gíríìsì ọwọ́ mi. Mo sọ fún ara mi pé gíríìsì ni kò jẹ́ kí n dáhùn.

Fọ́ìsì mìíràn wọlé. Láti orí ìlà Bóní. Mo rò pé ó ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni. Mo gbọ́ ọ. Ohùn náà dí. Ó ti tẹ imú pọ̀, lọ́wọ́ òsì yẹn: "Presẹ́ǹtì… sà." Ọmọ́lẹ́yẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

Mo jókòó sórí ìdí ẹ̀rọ.

Mọ́nítọ̀ kọ ọ́: "Mo gbọ́ ẹni tó dáhùn. Mo ti sàmì sí i."

Lẹ́yìn náà Salahudeen, tí kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ márùn-ún: "Kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn lọ́la."

Mò ń wá àkísà tí màá fi nu ọwọ́.