Moutiatou, Ohun Tí Ikú Rẹ Sọ Tairou Dà

Moutiatou, àbúrò wa, ọdún mẹ́rin pé lónìí tí o ti fi wá sílẹ̀! Ọdún mẹ́rin gbáko! Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ ọ̀fọ̀ a máa jinná, kó wá wo Tairou, ọkọ rẹ.

Ṣé o rántí bí ẹ ṣe ń gbé pọ̀ tẹ́lẹ̀? Tairou já bọ́ láti orí ilé tó ń mọ, egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́, kò lè ṣe bíríkìlà mọ́. Ìwọ lo gbé alùpùpù rẹ̀, o wọ ẹ̀wù zémidjan bíi ti àwọn ọlọ́kadà, o ń gbé èrò láti Bantè lọ sí Koko. Òun ń dáná, ó ń wẹ ọmọ, ó ń di irun Ismath ọmọ yín láti kékeré títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pé, "Tairou, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ọkọ?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ni." Ọkùnrin nìyẹn! Ọkọ nìyẹn!

Òjò ọjọ́ yẹn ló ba tiwa jẹ́. Alùpùpù yọ̀ mọ́ ọ lábẹ́ ní ọ̀nà Gouka, o kò dìde mọ́. A ò tíì da iyẹ̀pẹ̀ bò ọ́ tán tí ẹ̀gbọ́n Tairou fi na ìka sí i: "Ìwọ lo rán an lọ. Ọkùnrin tó jókòó ti ààrò ló pa ìyàwó rẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà wọ inú Tairou, ó sì jókòó síbẹ̀.

Ismath ti dàgbà o! Ọmọ ogún ọdún! Ó jọ ọ títí dé bó ṣe ń fajú ro. Ó kọ́ṣẹ́ mẹkaníìkì ní Bantè níbí, òun ló tún alùpùpù rẹ ṣe. Ọjọ́ tó tan án tó dún, gbogbo agbo ilé hó yèè. Tairou nìkan ni kò hó. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sínú ṣáláńgá. "Ilé ni ibùgbé obìnrin." Ẹnu Tairou ni! Etí wa ló gbọ́ ọ!

Nabil, ọmọ Gouka tó ń jó irin, wá tọrọ Ismath láti fi ṣe aya. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn dénú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní bí Ismath bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù mẹkaníìkì tirẹ̀, òun á máa dáná, òun á máa pọn ọmọ. A rò pé inú Tairou á dùn. Omijé ló bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Níbo ni ìyàwó mi wà?" Ó lé e.

Ó fi ọmọ fún Hamidou, oníṣòwò aṣọ ní Savalou, ó sì sọ fún un níṣojú gbogbo wa pé, "Má jẹ́ kó jáde." Ismath sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní, "Bàbá, mo gbọ́." Èmi Houlératou, ẹ̀gbọ́n rẹ, èmi ni mo lé làálì sí i lẹ́sẹ̀. Mo rí omijé yẹn, mo dákẹ́. Moutiatou, mo dákẹ́!

Lọ́dún tó kọjá, Tairou lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ ti rù, kò béèrè ẹnikẹ́ni nínú wa. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ń lọ, ó fẹ́ sìn ín dé ibùdókọ̀. Hamidou ní ẹnu ilẹ̀kùn tó. Ojú Tairou là níbẹ̀. Pẹ̀lú ìbàdí tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ ọmọ rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí Ismath máa ṣiṣẹ́. Hamidou kò bínú, kò pariwo. "Bàbá, ohun tí ẹ ní kí n ṣe ni mò ń ṣe."

Nabil ti fẹ́ ẹlòmíràn. Ilé wa tí Tairou já bọ́ lórí rẹ̀ ti parí, páànù tuntun wà lórí rẹ̀, aládùúgbò ń kí wa kú oríire. Tairou ń bi wá pé bí òun bá bá ọ pàdé, kí ni òun máa wí.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ ọ. A ò ní purọ́ fún ọ lónìí pé àlàáfíà la wà. Àárò rẹ ń sọ wá, Moutiatou. A fẹ́ràn rẹ, síbẹ̀ a kò ṣe fún ọmọ rẹ ohun tí ìwọ ìbá ṣe fún tiwa.