Nítorí Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ tí O Gbà Lọ́wọ́ Moyọ̀sọ́lá

Ọmọ mi Múyìwá,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Sùúrùlérè? Ilé yìí ò burú, màmá rẹ ń kí yín, orúnkún rẹ̀ nìkan ni kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọlọ́run tó ń mú ìgbín gun igi láìní ẹsẹ̀, tí kì í jẹ́ kó jábọ́, á ṣọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ méjì méjì.

Kí o kọ́kọ́ rántí ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ní gbogbo agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ wà tó èmi baba rẹ. Ogójì ọdún gbáko ni mo fi wà á, n kò pa adìẹ kan. Ó dáa, kẹ̀kẹ́ ológeere ni, kì í ṣe ọkọ̀. Mo sì pa adìẹ méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀.

Màmá rẹ ní o sọ lórí fóònù pé o ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Moyọ̀sọ́lá ọmọ rẹ, pé kò ní jókòó sídìí ọkọ̀ mọ́ títí yóò fi ṣègbéyàwó, nítorí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ tó tẹ̀ wọnú nígbà tí ẹ wá ṣe Kérésì níbí, àti nítorí ọmọ Jude aládùúgbò yín tó fi ọkọ̀ bàbá rẹ̀ gbá òpó iná ní Costain, tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Ìdí-Àràbà. O ní oorun ò kùn ọ́ mọ́. Mo gbọ́. Ọlọ́run á gbé ọmọ yẹn dìde. Ẹ̀rù kì í ṣe ohun ìtìjú fún bàbá. Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ wọ lọ́rì lọ sí Èkó, ojú títì ni mo dúró sí títí eruku fi wálẹ̀, mo sọ fún màmá rẹ pé ewúrẹ́ ni mò ń wá.

Ṣùgbọ́n n kò ní gbà, Múyìwá. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, kọ́ ọ. Ṣé o rántí Yẹ̀kínnì ará ilé wa tó ní òun ò ní wọ ọkọ̀ láéláé nítorí jàǹbá? Lóṣù tó kọjá, ó jókòó jẹ́jẹ́ sórí ẹní lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ìbẹ́pẹ já lù ú lórí. Ara rẹ̀ ti yá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ni wọ́n fi gbé e lọ sọ́sibítù. Ìwọ náà ńkọ́, ọjọ́ tí o gun kẹ̀kẹ́ mi wọnú odò, ṣé mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ òrùlé? Ẹ̀yìn rẹ ni mo jókòó sí lọ́jọ́ kejì, tí mò ń gbá ọ létí ní gbogbo kọ́nà.

Jókòó ti ọmọ rẹ. Àárọ̀ Sọ́ńdè ni kí ẹ máa jáde, kí ọ̀nà tó kún. Kó má dé Ojú Ẹlẹ́gbà lọ́dún yìí. Kó máa de bẹ́líìtì, ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn àgbàlagbà yẹn. Màmá rẹ ní kó dè é le lókè àyà kó má yọ̀. Bá mi kí obìnrin inú fóònù tó ń júwe ọ̀nà. Mo kí i nígbà Kérésì, kò dáhùn, ó ní ká yà sápá ọ̀tún, iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Ní ti fọ́ọ̀mù ìwé ìwakọ̀ tó ń béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ní, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rere ni, kò sí olè nínú ìran wa.

Jọ̀ọ́, fi owó awò ojú ránṣẹ́ sí mi. Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa fi ránṣẹ́ o, fóònù mi kéré, n kò mọ̀ bóyá owó ńlá á gbà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà ò ní gbé yín mì. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi jáde náà lẹ ó fi máa wọlé. Àmín.

Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa, màmá rẹ ní òun ò ní bá mi fi ránṣẹ́ bí n kò bá kọ èyí tó kù. Moyọ̀sọ́lá kọ́ ló wa ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ wọnú. Ìwọ àti ìyàwó rẹ lọ kí àwọn àna, ọmọ wà lẹ́yìnkùlé tó ń fọ abọ́, èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́ níbi tí o gbé e kọ́ sí. Mo ń wa ọkọ̀ náà sẹ́yìn, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pín, pín, pín. Mo rò pé ó ń pàtẹ́wọ́ fún mi ni, bí a ti ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ fún ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Bó ṣe ń yára ké ni èmi náà ń fi kún eré, títí mo fi gbá ògiri kànga. Ọmọ náà sáré dé, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun á sọ pé òun ni.

Mo sì jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ,
Àkàngbé