Bàbá Ẹ-Fọwọ́-Kàn-Án: Ìgbésí Ayé Àlàájì Sàídì Àkànjí Alágbẹ̀dẹ, Mẹkáníìkì Bẹ́yẹrúnkà (1950–2024)

Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun Ọba, tó dá ènìyàn, tó sì fi gbogbo ẹ̀yà ara síbi tó yẹ ẹ́. Àwa ọmọ àti ẹbí Alágbẹ̀dẹ kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ Bàbá wa káàbọ̀. A ó sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ náà kò ní gùn jù, ṣùgbọ́n a kò ní sáré sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá mọ Bàbá mọ̀ pé wọn kò fẹ́ràn iṣẹ́ ìkánjú.

Ní ọdún 1950 ni a bí Bàbá sí Ilé Alágbẹ̀dẹ ní Ìsàlẹ̀ Òsì, nílùú Ìbàdàn. Bàbá tó bí wọn ni Olóògbé Bùráímọ̀ Àjàní, alágbẹ̀dẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ, tí ẹwìrì rẹ̀ kì í sinmi àfi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyá wọn ni Olóògbé Ráfátù Àṣàkẹ́, ọmọ Àrẹ̀mọ. Bùráímọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ọmọ ilé mọ̀ lórí: "Bí èèkù àdá bá ń bó àgbẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó ṣe é ni kí ẹ bú, ẹ má bú àgbẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ni Bàbá gbé dàgbà.

Wọ́n lọ sí ilé kéú, wọ́n sì parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ẹwìrì ni gbogbo ilé rò pé wọn yóò gbà, ṣùgbọ́n mọ́tò ni ọkàn wọn fà sí. Ní 1966, bàbá wọn fà wọ́n lé Ọ̀gá Zakariyya lọ́wọ́, mẹkáníìkì kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ Òkè Mápó. Ọ̀gá náà le bí ojú ẹja. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó lè gba òmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀ àfi tó bá lè tú ẹ̀yà mọ́tò, kí ó sì dè é padà, pẹ̀lú gèlè ìyàwó ọ̀gá tí wọ́n fi di ojú rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ a máa rẹ́rìn-ín pé iṣẹ́ ni àwọn wá kọ́, àwọn kò wá ṣeré bojúbojú. Ọ̀gá a ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín o. Bí ọwọ́ yín kò bá mọ iṣẹ́ láìsí ojú, ojú ló ń ṣe é, ọwọ́ kàn ń tẹ̀lé e kiri ni." Bàbá gba òmìnira ní 1972.

Epo mọ́tò kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá kan ara, bẹ́ẹ̀ ìrun márààrún ni Bàbá ń kí lójúmọ́. Ọṣẹ dúdú tí yóò bó epo kúrò lọ́wọ́ wọn ni wọ́n wá lọ sí Àrẹ̀mọ, níbi tí ọmọbìnrin kan, Àtọ́kẹ́, àti ìyá rẹ̀ ti ń ṣe ọṣẹ. Láti ìgbà náà, ọṣẹ tó yẹ kó lo oṣù kan kì í lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ Bàbá. Ìyá Àtọ́kẹ́ wò wọ́n títí, ó ní, "Sàídì, ṣé o ń jẹ ọṣẹ yìí ni?" Ọdún 1976 ni wọ́n so yìgì Bàbá àti Àtọ́kẹ́, ọṣẹ sì di ọ̀fẹ́.

Ní 1978, Bàbá dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀ ní Bẹ́yẹrúnkà. Mọ́tò ayé ìgbà náà mọ ọmọ ènìyàn lójú. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí ẹ́ńjìnnì, ẹ ó rí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ yín yóò sì tó ohun tí ẹ ń wá. Ìgbà tí àwọn mọ́tò tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ni Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Ní ọjọ́ kan, oníbàárà kan ní kí wọ́n bá òun pààrọ̀ gúlóòbù iná iwájú. Bàbá wò ó, wọ́n tún un wò, wọ́n rí i pé àfi kí wọ́n kọ́kọ́ tú bọ́ńpà kúrò. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí. "Gúlóòbù! Gúlóòbù lásán-làsàn! Ta ni wọ́n ń fi pamọ́ fún?"

Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ju agbára wọn lọ. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ìyà náà kò nídìí. Wọ́n a ní ẹ̀yà mọ́tò tí mẹkáníìkì kò bá lè pààrọ̀ láàárín ìrun àílà sí aláásárì, ẹni tó ṣe é kò fẹ́ràn ọmọ ènìyàn. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bàbá a ní àwọn tó ń ṣe mọ́tò ìsinsìnyí ti mú pẹpẹ, wọ́n ti kàn án sínú kèrègbè, wọ́n wá gbé nọ́ọ̀tì lé e.

Ṣùgbọ́n ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í bú lásán kó lọ sùn. Bàbá a mú sípánà tó tọ́ lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì, wọ́n a fi í síná nínú àgbẹ̀dẹ ilé, wọ́n a tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi bá kọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀tì sá pamọ́ sí mu. Àpótí wọn kún fún irú sípánà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ bí ọmọ: Sọdá-Ẹ́ńjìnnì, Yọjú-Wò-Ó, Má-Bínú-Sí-Mi.

Àṣà kan sì wà tó sọ wọ́n lórúkọ tí gbogbo Bẹẹrẹ mọ̀ wọ́n mọ́. Bàbá kì í fọwọ́ kan irú mọ́tò tuntun bẹ́ẹ̀ àfi tí ẹni tó ni ín bá kọ́kọ́ ki ọwọ́ ara rẹ̀ bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó mọ ibi tí wọ́n ní kí mẹkáníìkì ti ṣiṣẹ́. Wọ́n a ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án." Olówó kò yàtọ̀, tálákà kò yàtọ̀. Lemọ́mù kan ki ọwọ́ agbádá funfun bọ̀ ọ́, dúdú ló fà á jáde. Àtọ́kẹ́ ló fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Lemọ́mù kò bínú. Ó ní òun ti wá mọ ìdí tí Sàídì fi ń pẹ́ dé orí ìrun.

Ní 1998, Ọlọ́hun pè wọ́n sí Mẹ́kà, wọ́n sì dáhùn. Wọ́n ṣe alága àwọn mẹkáníìkì agbègbè Bẹẹrẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ló ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ mọ́sáláṣí láìgba kọ́bọ̀, kò sì kú rí lọ́jọ́ Jímọ̀ lójú ayé wọn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó gba òmìnira lábẹ́ wọn wà káàkiri ìlú yìí, kò sì sí ọ̀kan tí wọn kò fi gèlè Àtọ́kẹ́ di lójú.

Ní 2013, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní gìlákómà ni, pé èyí tó ti lọ kò ní padà. Nígbà tí yóò fi di 2015, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni wọ́n lè yà sọ́tọ̀. Ẹbí pé jọ ní Ìsàlẹ̀ Òsì, wọ́n ní kí Jubril, àkọ́bí wọn tó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, gba ṣọ́ọ̀bù, kí Bàbá máa sinmi nílé. Ìfẹ́ ló mú ìmọ̀ràn náà wá, ṣùgbọ́n ó ba Bàbá lọ́kàn jẹ́ gidigidi. Wọn kò jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n sọ fún Àtọ́kẹ́ pé, "Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ máa fi ọṣẹ rẹ ṣe?"

Àtọ́kẹ́ ló bẹ ẹbí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí Bàbá Jubril máa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù títí àwẹ̀ yóò fi parí. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan ṣe títí di ọjọ́ Ìtúnu, èmi fúnra mi ni n ó fà wọ́n lọ́wọ́ wálé." Wọ́n gbà fún un. Bàbá wá ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń gbọ́ bí sípánà ṣe ń ró lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwẹ̀ ku díẹ̀ kó parí nígbà tí wọ́n wọ́ mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè dé, olùkọ́ kan ní Òkè Padre tó ti fẹ̀yìntì. Sítátà rẹ̀ ti kú. Ẹni tó ṣe mọ́tò náà fi sítátà sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ páìpù rẹpẹtẹ, níbi tí ojú kò lè dé rárá. Jubril tan tọ́ọ̀ṣì, ó dùbúlẹ̀, ó dìde, ó ní àfi kí àwọn sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.

Bàbá dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Jubril, mú mi débẹ̀."

Wọ́n ká ọwọ́ aṣọ sókè, wọ́n ki ọwọ́ òsì bọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Ètè wọn ń mì bí ti ẹni tó ń ka Kùránì. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Gbé Má-Bínú-Sí-Mi wá." Nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ ké, ó sì yí. Kí ládàánì tó pe ìrun aláásárì, sítátà ti wà nílẹ̀. Bàbá kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kàn án." Olùkọ́ náà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a kò gbọ́ láti ọdún méjì. Wọ́n ní, "Ojú lẹni tó ṣe mọ́tò yìí fi nǹkan pamọ́ fún. Kò rántí ọwọ́."

Jubril sunkún níbẹ̀, ojú kò tì í. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ìsinmi mọ́ nínú ilé wa.

Láti ìgbà náà, gbogbo èyí tó bá sá pamọ́ jù, ọ̀dọ̀ Bàbá ni àwọn mẹkáníìkì ń gbé e wá, láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba. Bàbá ní àwọn ti dárí ji àwọn tó ń ṣe mọ́tò, nítorí pé iṣẹ́ burúkú ọwọ́ wọn ni kò jẹ́ kí àwọn jókòó sílé. Nígbà tó yá, wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, wọ́n ní ìdajì ni àwọn dárí jì wọ́n. Ti gúlóòbù ṣì wà nílẹ̀. Títí di oṣù tó ṣáájú ikú wọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́, Bàbá kí ìrun àsùbáà lórí ìjókòó, wọ́n sì dágbére fáyé kí oòrùn tó yọ. Wọ́n fi ìyàwó wọn, Àlàájà Àtọ́kẹ́, sáyé lọ. Wọ́n fi àwọn ọmọ sáyé lọ: Jubril, tí ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀, Mujeebat, olùkọ́, àti Karimat, nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ sáyé lọ, àwọn àbúrò àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ iṣẹ́ tí àwọn náà ti di ọ̀gá.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ wẹ Bàbá, Àtọ́kẹ́ fi ọṣẹ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ránṣẹ́ sí wọn. Ọwọ́ Bàbá mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ìka àárín ọwọ́ òsì, tó ti tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ bíi ti sípánà wọn, kọ̀, kò nà. Àfáà fẹ́ rọra nà án. Jubril dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àfáà, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ríran."

Kí Ọlọ́hun, tí kì í fi àánú Rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ẹrú Rẹ̀ kò tó, ṣí ilẹ̀kùn Àlùjánnà fún wọn gbayawu. Kó tan ìmọ́lẹ̀ sí sàréè wọn. Kó dá àwa tí a kù sí, kó sì má jẹ̀ẹ́ kí a mú kí ọ̀nà ayé há mọ́ ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa.

Sùn re o, Àkànjí ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ọwọ́ rẹ tó o.