Láàpútọ́ọ̀pù Tí Mo Fi Etí Yàn

Aunty wa, olóòtú ètò, ẹ kú iṣẹ́ o, ohùn yín kò ní í há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí Bọ̀dá mi bá gbọ́ ọ, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni.

Inú wọ́dúróòbù mi ní Alápẹ̀rẹ̀, níbi tí aṣọ kì í ti í jẹ́ kí ariwo ìta wọlé, ni mo ti ń kọrin sínú máíkì. Nígbà tí mo fẹ́ ra láàpútọ́ọ̀pù tí n óo fi máa gba orin náà sílẹ̀, Bọ̀dá tẹ̀ lé mi dé ṣọ́ọ̀bù ní Kétu. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń dán, ni wọ́n ní kí n rà. Mo ní kí ọlọ́jà tan gbogbo láàpútọ́ọ̀pù tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ kó gbóná ná, mo wá ń gbé etí lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

Bọ̀dá ní, "Ṣé o fẹ́ gbọ́ bóyá ó ń mí ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà. Tó bá ń mí, máíkì mi á gbọ́."

Fáànù inú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ń hó ṣáá. Ọ̀kan tó nípọn, tó ti họ lára, kò dún rárá. Òun ni mo gbé. Láti ọjọ́ náà ni Bọ̀dá ti ń pè é ní búlọ́ọ̀kù.

Aunty, orin tí ẹ fi ṣí ètò lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ ń béèrè sítúdíò tí wọ́n ti ṣe é, èmi ni mo kọ ọ́! Wọ́dúróòbù yẹn ni sítúdíò!

Bọ̀dá ti wá ní kí n bá àwọn yan láàpútọ́ọ̀pù fún ọmọ wọn. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n tẹ̀ lé wọn lọ, àbí kí wọ́n kọ́kọ́ wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ búlọ́ọ̀kù?