Imú Tí Mo Fi Ń Mọ Ẹ̀mí Àìmọ́

Ọjọ́ Àìkú, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025

Ọ̀gbẹ́ni Òórùn tún jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Silas ni, ọkọ Jemimah àbúrò mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó wẹ̀, ó wọ funfun, ó ta lọ́fínńdà sára — síbẹ̀ òórùn yẹn ń jáde lára rẹ̀ bí ẹyin tó ti bà jẹ́. Hánkáṣíìfù ni mo fi bo imú títí a fi ka oore-ọ̀fẹ́. Ó rí mi lára. Ọdún mẹ́ta tó ti fẹ́ àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti bà jẹ́ mọ́ ọn lára. Mo ń ro nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Kíláàsì àwa ajagun àdúrà. Ọ̀gágun ló kọ́ wa fúnra rẹ̀ (Pásítọ̀ Seth — kó má rí ìwé yìí o). Ó ní àwọn angẹli tó bá Lúsíférì ṣubú kò kú, inú ara èèyàn ni wọ́n ń wá ilé sí, òórùn imí-ọjọ́ ọ̀run àpáàdì kì í sì í kúrò lára wọn. Ó ní àwọn kan máa ń rí wọn, àwọn kan máa ń gbọ́ ohùn wọn, ṣùgbọ́n Sister Bùkọ́lá, imú ni Ọlọ́run fún un. Gbogbo kíláàsì yíjú wò mí. Orí mi wú. Kò yẹ kó wú tó bẹ́ẹ̀.

Mo dúró dè é lẹ́yìn kíláàsì, mo sọ ti Ọ̀gbẹ́ni Òórùn fún un. Ó ní báwo ni òórùn náà ṣe rí. Mo ní bí iṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Ó dijú fún ìgbà díẹ̀. Ó ní imí-ọjọ́ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 11

Mo sọ ọ́ fún Jemimah, ó sunkún. Ó ní òórùn ibi iṣẹ́ ni, pé ọkọ òun kì í mutí, kì í na òun. Mo ní iṣẹ́ wo ló ń tẹ̀ lé èèyàn wọ ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ ìsinmi? Mo ní ẹni tó bá fẹ́ tan èèyàn jẹ, ṣé ó máa kọ́kọ́ nà á ni? Mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ kan ní Agbára ni Silas ń lọ. Ohun tó ń ṣe níbẹ̀, mi ò béèrè rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Silas gbà kí a ṣe ìdáǹdè fún òun. Ọjọ́ mẹ́ta láìjẹ láìmu. Ó ní tó bá jẹ́ nítorí ọmọ ni, kò sí ohun tí òun ò ní ṣe.

Ọjọ́ Ajé, 15

Ó ti parí. Mo ti fọ ọwọ́ mi títí.

Yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ, a ti gbogbo fèrèsé pa. Àwa márùn-ún, pẹ̀lú Jemimah lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òógùn, itọ́, ooru. Ọ̀gágun ní kí lorúkọ rẹ. Ó ní Silas. Ọ̀gágun ní irọ́ lò ń pa, kí lorúkọ rẹ. Silas. Báyìí láti aago mẹ́wàá títí oòrùn fi yí. Ètè rẹ̀ ti bó. Ó bèèrè omi, a ní ẹ̀mí náà ló ń bèèrè omi. Ó bì — omi òróòro yẹ́lò ni, kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ — sórí bàtà mi. Èmi ni mo di apá òsì rẹ̀ mú. Èékánná mi wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tó yá ó ní, "Àwa méje ni." Gbogbo ilé hó. Ọ̀gágun ní ta ló jẹ àwọn ọmọ inú Jemimah. Silas wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni."

Jemimah tú gèlè rẹ̀, ó fi di ikùn ara rẹ̀ gbọn-in.

Wọ́n ní kí n kọ ìròyìn. Mo kọ ọ́ pé mo gbóòórùn imí-ọjọ́ bó ṣe ń jáde lára rẹ̀. Irọ́ ni. Èébì nìkan ni mo gbóòórùn.

Ọjọ́rú, 17

Àṣẹ Ọ̀gágun: kí Silas fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, kí tọkọtaya má sùn pọ̀ fún ogójì ọjọ́. Jemimah ti kó wá sọ́dọ̀ mi ní Ojú Ọrẹ. Kì í jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Hafeez, ọmọ Alhájà Mùíbátù tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, gbé ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ wá kí n bá a pààrọ̀ síìpù. Mo tẹ́ ẹ sórí máṣíìnì. Mo tẹ̀ ba láti fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọwọ́ mi dúró.

Òun náà ni. Ẹyin. Iṣáná. Lára ṣòkòtò ọmọ tó ń kí mi láràárọ̀.

Mo rọra bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fọ̀ ọ́. Imí-ọjọ́ la máa ń pò mọ́ rọ́bà kó tó le. Gbogbo àwa tá a wà nídìí ẹ̀rọ là ń rùn bẹ́ẹ̀. Bùrọ̀dá Silas ló kọ́ mi níṣẹ́ náà." Ó bèèrè ìdí tí Silas ò fi wá síṣẹ́ mọ́. Mo ní ara rẹ̀ ò yá. Ó ní Ọlọ́hun á fún un ní àlàáfíà.

Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ni Hafeez ń kírun pẹ̀lú òórùn yẹn. Kò sẹ́ni tó tì í mọ́lẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí.

Mo ṣì gbà pé àwọn angẹli kan ṣubú. Mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìgbéraga la gbọ́ pé ó ṣí wọn nípò, a ò gbọ́ pé wọ́n ń rùn. Ìgbéraga tiwọn, ẹwà ni. Tèmi, imú. A sì gbọ́ pé olùfisùn ni olórí wọn. Nínú yàrá yẹn, ta ló ń fẹ̀sùn kan ta? Ara mi ń rí mi lára.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Mo bá Ọ̀gágun lọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn. Itan adìẹ ló ń jẹ, ọ̀rá ń ṣàn dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Mo rò ó tán. Ó ní ṣé rọ́bà ló sọ pé àwọn méje ni? Mo ní sà, ọjọ́ mẹ́ta la ò fún un lómi. Ó ń ta eyín. Ó ní kí n ṣọ́ra fún ẹ̀mí iyèméjì, pé èèyàn mọ́kànlélógún ló ti gba Jésù nítorí ẹ̀rí tí mo kọ náà, ṣé mo fẹ́ kí wọ́n padà ni? Ó na ọwọ́ tó kún fún ọ̀rá yẹn láti gbé e lé mi lórí. Mo yẹ̀ ẹ́. Mo bọ́ sáàṣì ajagun àdúrà léjìká, mo fi í sórí tábìlì, mo jáde.

Ọjọ́ Ajé, 22

Mo sọ fún Jemimah. Gbogbo rẹ̀, títí dórí irọ́ tí mo kọ. Ó gbọ́ mi tán.

"Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, Àǹtí mi. Ẹ wà níbẹ̀."

Mo ní ebi ni, òùngbẹ ni. Ó ní òun ti gbààwẹ̀ rí, òun ò sọ pé òun jẹ ọmọ. Ó kọjú sógiri.

Ọjọ́bọ̀, 25

Mo dé Toll Gate, mo padà. Mi ò ní ojú tí mo fẹ́ fi wo Silas.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30

Mo lọ.

Ilé rẹ̀ mọ́ ju ilé ìyàwó tuntun lọ. Ó ti dáná sun gbogbo aṣọ iṣẹ́. Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì — apá rẹ̀ méjèèjì ti bó, kàn-ìn-kàn ló fi ha á dé ẹran. Ó gbé àga fún mi, ó lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Mo kúnlẹ̀. Èmi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Mi ò dìde. Mo sọ ti ṣòkòtò Hafeez, ti rọ́bà, ti irọ́ tí mo kọ sínú ìròyìn. Mo ní kò sí ẹ̀mí kankan nínú rẹ̀ rí, pé àwa la fi sí i lẹ́nu. Ó ń tẹ́tí sí mi, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn tí kò fẹ́ bá jiyàn.

Mo fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, mo fi imú sí i. Ọṣẹ. Ọṣẹ nìkan ni. Mo sọ fún un.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ̀, Àǹtí. Ẹ má sún mọ́ mi. Mo ṣì ń gbóòórùn rẹ̀."

Ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì, ó tún lọ wẹ̀.