Ìbọn Tí Kò Lọ́ta Nínú

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Ọta mẹ́fà ni mo yìn lónìí. Èmi ni mo fowó ara mi rà wọ́n, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Kí Alága ẹ̀ṣọ́ àdúgbò wa má sọ pé mo fi owó ẹgbẹ́ ṣòfò.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ fo pátákó tí à ń yìnbọn sí kọjá, wọ́n wọ igbó Ọ̀tọ̀-Àwórì lọ. Alága bú sẹ́rìn-ín: "Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ jẹ́ ká fún yín ní fèrè. Ìbọn kì í ṣe tobìnrin."

Sájẹ́ǹtì tó ń kọ́ wa ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó gba ìbọn, ó kẹ̀yìn sí mi, ó ní òun ti ki ọta sí i. Mo fìka fà á. Kò dún. Síbẹ̀ mo ti dijú, ẹnu ìbọn sì ti dojú kọlẹ̀. Kò sí ọta kankan níbẹ̀!

"Ṣé ẹ rí i, Màmá? Kò tíì ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ ti ń sá fún un."

Ojú tì mí. Èmi tí mò ń fọwọ́ yí ẹ̀rọ tó ń lọ ata l'Ókokomáíkò láti ọdún mọ́kàndínlógún! Irin tí mo fi ń yí i ti gbá mi lọ́rùn ọwọ́ rí, mi ò torí ẹ̀ dijú. Ata ni mo máa ń wò.

Sájẹ́ǹtì wá ki ọta sí i lóòótọ́. Mo bá tẹjú mọ́ pátákó, mo rọra fà á bí ẹni tí ò mọ ìgbà tó máa dún. Mẹ́ta tó kù, gbogbo ẹ̀ ló bà á. Èjìká ń ro mí. Kó máa ro.

Mo sọ fún Alága kó tó wọ kẹ̀kẹ́: kó fún mi níbọn, tàbí kó yọ orúkọ mi kúrò nínú ẹ̀ṣọ́. Àwọn olè tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi ò mú fèrè wá. Ó ní kí n retí èsì ní Ọjọ́rú.