Iṣẹ́ Tí Mo Gbà Tí Mi Ò Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi Sìmíátù,

Ẹ kú ilé o. Mo kí Màmá, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Òtútù Bolingbrook níbí ní Amẹ́ríkà ò rọrùn, àmọ́ ẹ̀yìn tó ń dun ọkọ mi, Awwal, ti ń sàn.

Ṣé ẹ rántí Ìyáàfin Kóyèjọ, ọ̀gá mi àtijọ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó ní Romeoville? Nígbà tí Bàbá kú, mo tọrọ ọ̀sẹ̀ kan láti wálé. Ó ní, "Ṣé o máa jí òkú dìde ni?" Kò gbà.

Lóṣù tó kọjá, ó bẹ̀ mí kí n wá ṣe olórí nọ́ọ̀sì nílé ìtọ́jú tuntun tó fẹ́ ṣí. Mo gbà, mo sì fọwọ́ síwèé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba jókòó dè mí níbẹ̀, mo pè é pé mi ò wá mọ́.

"Salihat, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Ẹ lọ bi bàbá mi ní sàréè."

Torí pé kò ní olórí nọ́ọ̀sì, wọn ò fún un láṣẹ láti ṣílé náà. Awwal ní ohun tí mo ṣe ò dáa, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ oúnjẹ dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí Bàbá ti kú.

Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ máa ṣàdúà fún wa, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi tọrọ àforíjì lórí èyí. Mi ò tíì kábàámọ̀.

Àbúrò yín,
Salihat